Ohun Tí Bàbá Mi Gbọ́ Lára Ẹ́ńjìnnì

Ọkọ̀ bàbá mi ni mo fi kọ́ ọkọ̀ wíwà, òun náà ni mo sì ń wà di òní olónìí. Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú ni. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò wa ní Bódìjà kì í dúró wo ẹni tó wà nínú rẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó juwọ́ sí i. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Èkìtì ni àwọn àti màmá mi ti wá; iṣẹ́ ló gbé wọn dé Ìbàdàn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, Ìbàdàn náà sì gbà wọ́n, wọn ò padà mọ́. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ síhìn-ín, mo lọ sọ́hùn-ún, nígbà tó yá mo padà wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn, torí pé àgbà ti dé sí wọn, ibi iṣẹ́ mi ní Dùgbẹ̀ kò sì jìnnà.

Kí n tó padà dé, etí bàbá mi ti ń di. Kò ṣàdédé di lọ́jọ́ kan. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á ní kí èèyàn tún ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tó yá, wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni tún un sọ mọ́, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á mi orí, àwa tí a mọ̀ wọ́n á sì mọ̀ pé wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Gbogbo bí a ṣe bẹ̀ wọ́n tó pé kí wọ́n jẹ́ ká lọ rí dókítà, wọn ò gbà. Bàbá tiwọn dití kó tó kú, àbúrò bàbá wọn obìnrin náà dití. Wọ́n ní ohun tó wà nínú ìran ni, pé èèyàn kì í gbé ìran ẹ̀ lọ sí ọsibítù.

Ohun kan tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé wọn kì í pariwo. Àwọn adití mìíràn tí mo mọ̀, bí wọ́n bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ará ilé kejì á gbọ́. Ti bàbá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Bí etí wọn ṣe ń di sí i ni ohùn wọn ń rẹlẹ̀ sí i. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á rò pé agbéraga ni wọ́n, nítorí bí èèyàn bá kí wọn láti ẹ̀yìn, wọn ò ní dáhùn, bó bá sì di pé wọ́n sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ ni, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ òun lẹ́nu.

Inú ọkọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dùn láàárín èmi àti wọn. Ní ọjọọjọ́ Sátidé, mo máa ń gbé wọn lọ sí Dùgbẹ̀ kí wọ́n lọ ra ìwé ìròyìn lọ́wọ́ bàbá kan tí wọ́n ti ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. A ó wá gba Ring Road padà wálé. Kì í ṣe pé ọ̀nà yẹn ló yá, wọ́n kàn fẹ́ kí ìrìn náà gùn ni. Nínú ọkọ̀ yẹn, pẹ̀lú ariwo ẹ́ńjìnnì àti fèrè àwọn onítakisí, bàbá mi máa ń gbọ́ mi ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́ mi nínú pálọ̀ tó dákẹ́ rọ́rọ́ lọ. N kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n á máa fi ìka hàn mí pé òkè yìí àti òkè tọ̀hún, okùn àpáta kan náà ni. Pé omi tó ń ṣàn lábẹ́ afárá yìí, ibi báyìí ló ti ń bọ̀. Èmi náà á máa sọ ti ibi iṣẹ́ mi, ti ìgbéyàwó mi tó tú ká, àwọn ohun tí n kò lè jókòó sínú ilé kí n máa fi ariwo sọ. Wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á sì fún mi lésì.

Ní Sátidé kan, bí a ṣe ń gun òkè Mókọ́lá, mo gbọ́ ìró kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń fi ọmọ odó kan ilẹ̀kùn. Bí mo bá tẹ iná mọ́ ọn, ìró náà á le sí i. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á rọlẹ̀. Mo wo dígí, mo rí èéfín aláwọ̀ búlúù tó ń tẹ̀ lé wa. Mo ti ń kíyè sí i tẹ́lẹ̀ pé ọkọ̀ náà ń mu ọ́ìlì. Mo lè rọ ọ́ìlì kún un lónìí, kí ọ̀sẹ̀ tó parí á ti lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀kán kan nílẹ̀ níbi tí mo ń gbé e sí.

Bàbá mi rí ojú mi, wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo ní ọkọ̀ ń dún bí kò ṣe yẹ kó dún. Wọ́n tẹ orí síwájú, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù bí ẹni ń wo ibà lára ọmọ.

“N kò gbọ́ nǹkan kan,” ni wọ́n wí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi lè jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ kí wọ́n sọ pé bẹ́líìtì ọkọ̀ aládùúgbò wa ti gbó, láìyọjú wò ó. Lọ́jọ́ náà, wọ́n kọ ojú sí wíńdò. Títí a fi dé Dùgbẹ̀, títí a fi padà délé, wọn ò sọ̀rọ̀ òkè, wọn ò sọ̀rọ̀ omi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Kánádà ní kí a ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, pé òun á bá wa wá òmíràn. Màmá mi kò ta kò ó. Wọ́n ní ọkọ̀ tó ń mu ọ́ìlì bí ọmọ tuntun ṣe ń mu ọmú, ìgbà wo la fẹ́ já a lẹ́nu ọmú? Bàbá mi ń wo ẹnu wa láti mọ ohun tí a ń sọ, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ wọn sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe é ná. Ẹ má tíì sin ín.”

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì wa ni a gbé e lọ, ní òpópónà kékeré kan lẹ́yìn Challenge. Kò jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ó ti ń bá wa tún ọkọ̀ náà ṣe láti ọdún púpọ̀, láti ìgbà tí etí bàbá mi ti ń di, ó sì mú bàbá mi bí ẹbí. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní sùúrù, àfi bí ebi bá ń pa á. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ló ti gbọ́ ìró náà, ó ń mi orí bọ̀.

Ó ní kí n má tíì bẹ̀rù. Ó lè jẹ́ rọ́bà orí fáàfù, irin tó ń ṣí tó sì ń padé lókè ẹ́ńjìnnì, ló ti gbó, tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì máa jò sínú iná, pé bó bá jẹ́ ìyẹn ló ń fa èéfín, òun á pààrọ̀ rẹ̀ láìtú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Ohun tó ń gbàdúrà fún nìyẹn, mo sì bá a ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ ọ́ lóminú: èéfín fáàfù sábà máa ń yọ nígbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀, tiwa sì ń yọ nígbà tí mo bá tẹ iná. Ó fẹ́ rí i dájú. Ó tú àwọn púlọ́ọ̀gì jáde. Orí wọn dúdú, ọ́ìlì rin wọ́n. Ó fi géèjì kan sí ihò àkọ́kọ́ kó lè wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń le tó nínú rẹ̀, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ géèjì náà gòkè díẹ̀, ó dúró. Ihò tó tẹ̀ lé e náà ṣe bákan náà. Nígbà tó dé ìkẹta, abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò nílẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún mi, ó sì ń fi ọwọ́ júwe kí bàbá mi lè rí i. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan ni písítìn kan wà tó ń lọ sókè sódò. Àwọn ríìngì irin tí wọ́n fi dì í lára ló ń há afẹ́fẹ́ mọ́ òkè, àwọn náà ló ń dá ọ́ìlì dúró sísàlẹ̀. Bí ríìngì bá jẹ, afẹ́fẹ́ á sá lọ, ọkọ̀ kò ní lágbára. Ọ́ìlì á gòkè, iná á jó o, èéfín á di búlúù. Láti mọ̀ bóyá ríìngì ni tàbí fáàfù, ó kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kẹta náà, ó ní kí n tún yí kọ́kọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ ta sókè. Inú mi ti fẹ́ dùn, ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní ọ́ìlì tí òun kán síbẹ̀ ló bá wa dí àlàfo tí ríìngì ò lè dí mọ́. Bó bá jẹ́ fáàfù ló ń jò, ọ́ìlì ò lè ràn án lọ́wọ́.

Ó wá ku ìró. Ó dá àwọn púlọ́ọ̀gì padà, ó ní kí n tan ọkọ̀ sílẹ̀. Ó mú súkúrúdíráfà gígùn kan, ó fi ẹnu rẹ̀ kan orí ẹ́ńjìnnì, ó gbé ìdí rẹ̀ sí etí. Ó ní lókè, kò burú. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, níbi tí kíráǹkì, irin gbọọrọ tí àwọn písítìn ń tì, ń yí, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ó fún mi kí n gbọ́. Irin ń lu irin. Ìró náà ki, ó jinlẹ̀, ó bà mí lẹ́rù.

Bàbá mi na ọwọ́.

Mẹkáníìkì wò mí, èmi náà wò ó. Kò sí ẹni tó fẹ́ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ó gbé súkúrúdíráfà náà fún wọn, ó bá wọn fi ẹnu rẹ̀ kan ibi tó yẹ. Wọn ò gbé ìdí rẹ̀ sí ihò etí bíi tiwa. Bóyá ó yẹ̀ lọ́wọ́ wọn ni, egungun ẹ̀yìn etí ni wọ́n tì í mọ́. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Mo rí i tí ojú wọn là.

“Mo ń gbọ́ ọ.”

Mo rò pé bí irin náà ṣe ń gbọ̀n ni wọ́n ń sọ. Mo sún mọ́ wọn, mo kígbe pé ṣé ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn ni? Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n sì ń fi bàtà lu ilẹ̀: kọ́, kọ́, kọ́. Kò yára ju ti ọkọ̀ lọ, kò falẹ̀ jù ú lọ.

Mẹkáníìkì náà padà sídìí ẹ́ńjìnnì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wáyà àwọn púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ pé bó bá yọ ọ́, iná ò ní dé ihò yẹn mọ́, bí ìró bá sì rọlẹ̀, a jẹ́ pé ibẹ̀ ni àìsàn wà. Bàbá mi di ojú, wọn ò rí ohun tó ń ṣe. Ó yọ ti àkọ́kọ́, kò sí ìyàtọ̀. Ó yọ ti èkejì. Bó ṣe yọ ti ẹ̀kẹta, bàbá mi gbé ọwọ́ òsì sókè.

“Ó ti rọlẹ̀.”

Ó dá a padà.

“Ó tún ti dé.”

Ó tún un yọ. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó tún un yọ, ó ti mọ ohun tó fẹ́ mọ̀. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n tún gbọ́ ọ ni. Ó yọ ọ́, ó dá a padà, bàbá mi sì ń sọ fún un nígbà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ojú dídì, pé ó ti lọ, ó ti dé. Mo yí ẹ̀yìn sí wọn, mo ń wo àwọn táyà tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Nígbà tí a pa ọkọ̀ náà, ó sọ ohun tó rí fún wa. Ríìngì ti jẹ, bẹ́ríìnì tó di ìdí písítìn kẹta mú náà ti jẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá dé ibi tí a dé yìí, ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ni wọ́n ń lọ rà, ó ní òun ò ní bá wa jà bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀. Títú ẹ́ńjìnnì gba àkókò, ó sì máa ní láti dé ọ̀dọ̀ tọ́nà tó ń gbẹ́ irin ní Ìwó Road kí wọ́n fi ẹ̀rọ ha inú àwọn ihò náà kó lè dán, kí wọ́n sì wá písítìn tó sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i. Mo fi ọwọ́ àti ẹnu túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi. Wọ́n ní kó tú u.

A gba takisí wálé. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún màmá mi. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì gbé aago orí tábìlì wọn jáde, aago àtijọ́ tí a máa ń yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé e sí ẹnu etí bàbá mi, bàbá mi sì ń wò wọ́n bí ẹni tí kò mọ eré tí à ń ṣe. Wọ́n wá gbé ẹ̀yìn aago náà ti egungun ẹ̀yìn etí.

“Ó ń ṣiṣẹ́,” ni bàbá mi wí.

Màmá mi jókòó. Wọ́n gbé aago náà sórí itan wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní kí n sọ fún bàbá mi pé bí ọ̀sẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ọsibítù ni a ń lọ. Mo sọ ọ́. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ ìran lọ́jọ́ náà.

Dókítà tó rí wa jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin, ó máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀ bó bá fẹ́ bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Ó mú irin kan tó ní apá méjì bíi fọ́ọ̀kì, ó gbá a mọ́ ìgúnpá rẹ̀, ó gbé e sí iwájú etí wọn. Bàbá mi mi orí pé rárá. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí. Bàbá mi wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò: súkúrúdíráfà ni.

Wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò mìíràn nínú yàrá kékeré kan tí ariwo kì í wọ̀. Nígbà tó parí, dókítà ní egungun tíńtín kan wà nínú etí, tó yẹ kó máa mì bí ohùn bá kàn án. Ti bàbá mi ti gan, kò mì mọ́. Ṣùgbọ́n inú lọ́hùn-ún, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ràn gan-an, ṣì dára fún ọjọ́ orí wọn. Ó ní òótọ́ ni pé àìsàn náà máa ń rìn nínú ẹbí. Ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà pariwo, torí pé ohùn tirẹ̀ ń gba inú egungun wọlé, ó sì ń ké sí i létí. Bẹ́ẹ̀ ni irú etí bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ́ràn dáadáa níbi tí ariwo bá wà, bíi nínú ọkọ̀, torí pé àwọn tó kù á ti gbé ohùn sókè láìmọ̀, ariwo náà kì í sì í dí i lọ́wọ́ bíi tàwa.

Bàbá mi bi dókítà náà bóyá ohun tó ṣe bàbá àwọn nìyẹn. Ó ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òun ò lè mọ̀ láìrí wọn.

Wọ́n wo ilẹ̀. “A máa ń fi bàbá mi sílẹ̀ nínú yàrá, àwọn nìkan,” ni wọ́n wí. “A rò pé wọn ò fẹ́ ariwo ni.”

Dókítà náà gbé ọwọ́ lé orúnkún wọn, kò gbé e kúrò kíákíá. Lẹ́yìn náà ló sọ fún wa pé iṣẹ́ abẹ wà, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn náà wà, pé èyí tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n mú. Bàbá mi ní ọ̀bẹ kò wu àwọn. Àwọn ará ọsibítù wọn etí wọn fún ẹ̀rọ, wọ́n ní kí a máa retí rẹ̀.

Bí a ṣe ń retí ẹ̀rọ náà ni a ń retí ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì ní kí a wá wò ó lẹ́yìn tó tú u. Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó to gbogbo rẹ̀ sórí aṣọ náà. Ríìngì písítìn kẹta ti fẹ́lẹ́, ó ń dán bí ẹ̀gbà ọwọ́, ọ̀kan tilẹ̀ ti dá. Bẹ́ríìnì náà, ìlàjì òrùka pẹlẹbẹ tó kéré sí ohun tí mo rò, ti jẹ títí bàbà pupa tó wà nísàlẹ̀ fi yọ. Bàbá mi mú un, wọ́n fi àtàǹpàkò ra inú rẹ̀, wọ́n yí i sí oòrùn. Mo bi wọ́n pé ṣé kí mẹkáníìkì bá wọn jù ú nù, wọ́n ní kí a fi sílẹ̀ ná. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà sórí aṣọ.

Kò yá bí a ṣe rò. Bẹ́ríìnì tí wọ́n kọ́kọ́ rà kò ba kíráǹkì mu, wọ́n dá a padà. Tọ́nà ní Ìwó Road ní iṣẹ́ púpọ̀ nílẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, mo ń wọ takisí lọ síbi iṣẹ́. Bàbá mi náà sì ní kí n máa já àwọn sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lọ́jọ́ Sátidé, dípò Dùgbẹ̀. Wọ́n á jókòó sórí àga onírọ́bà, wọ́n á máa wò ó bó ṣe ń fi ewé irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo ẹnu ríìngì tuntun, bó ṣe ń fi fáìlì ra á díẹ̀, tó tún ń wọ̀n ọ́n. Mẹkáníìkì ní wọn kì í dí òun lọ́wọ́. Ó ní bí òun bá ti fẹ́ kánjú, òun á wò wọ́n, ara òun á sì balẹ̀.

Ẹ̀rọ etí ló kọ́kọ́ dé. Ẹ̀rọ kékeré ni, ó ń há sí ẹ̀yìn etí. Nínú ọsibítù, nígbà tí dókítà tan án, bàbá mi gbọ́ ohùn dókítà, wọ́n gbọ́ ohùn mi, wọ́n gbọ́ bébà tí wọ́n ń ṣí. Mo rò pé wọ́n á sunkún, wọn ò sunkún. Wọ́n ní fáànù òkè yẹn fẹ́ ọ́ìlì. Nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n mi pe wá lórí fóònù, mo gbé e sí wọn létí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí nínú fóònù, èmi ni mo ń túmọ̀. Wọ́n tẹ́tí sí i títí.

“Ohùn rẹ ti dàgbà,” ni wọ́n sọ fún un.

A kàn ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń mí lórí fóònù. Kò sọ̀rọ̀ pé ká ta ọkọ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ tí a máa tan ẹ́ńjìnnì, èmi, bàbá mi, àti màmá mi ni a jọ lọ. Mẹkáníìkì jáde láti abẹ́ ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá.”

Bàbá mi wò ó láti òkè délẹ̀. “Ohùn rẹ nìyí?”

Ó ní òun ni.

“Láti ọjọ́ yìí wá, mo ti fún ọ ní ohùn ńlá lọ́kàn mi.”

Nítorí ohùn mẹkáníìkì wa tín-ín-rín, bíi ti ọmọbìnrin tó ń kọrin apá òkè nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọwọ́ lé ọkọ̀. Màmá mi bẹ̀ ẹ́ kó má bínú. Ó ní kí ni òun fẹ́ bínú sí, pé ìyá òun náà ń wí bẹ́ẹ̀.

Kò tan ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó yọ àwọn púlọ́ọ̀gì, ó ní kí n máa yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ọ́ìlì lè dé ibi gbogbo kí irin tó fi ara kan irin. Nígbà tí iná pupa tó ń kìlọ̀ ọ́ìlì nínú dáṣíbọ́ọ̀dù kú, ó dá àwọn púlọ́ọ̀gì padà, ó gbẹ́sẹ̀ sẹ́yìn. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó hó lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo tún un yí, ó mú. Èéfín díẹ̀ jáde, ti ọ́ìlì tó fi pa àwọn irin náà nígbà tó ń tò wọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́. Ìró kíkan ti lọ. A kàn ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń yí bó ṣe yẹ.

Bàbá mi dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọn ò bèèrè súkúrúdíráfà. Wọ́n fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì ń gbọ́. Mẹkáníìkì ń wò wọ́n bí ẹni ń retí èsì ìdánwò. Wọ́n ní ó dára. Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sá eré, n kò gbọdọ̀ fi gun òkè pẹ̀lú ẹrù, títí àwọn irin tuntun náà á fi mọ ara wọn lára. Pé kò ní pẹ́ tí a ó fi gbé e padà wá kí òun da ọ́ìlì yìí nù, kí òun sì wo bí gbogbo nǹkan ṣe ń lọ.

Nítorí náà, Sátidé tó tẹ̀ lé e, jẹ́jẹ́ la rìn. Mo gbé bàbá mi gba Àgbowó lọ sí Òjóò, kí a lè bọ́ sí ojú títì Ọ̀yọ́ tó tẹ́jú. Ọkọ̀ akẹ́rù ń yà wá sílẹ̀, ọlọ́kadà ń yà wá sílẹ̀, wọ́n ń fi fèrè bú wa. Ní Òjóò, bí a ṣe dé ibùdókọ̀, gbogbo ariwo ibẹ̀ rọ́ wọ etí bàbá mi lẹ́ẹ̀kan náà: àwọn tó ń pe èrò, ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì, ẹni tó ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn eku. Wọ́n fi ọwọ́ bo etí, wọ́n yọ ẹ̀rọ náà, wọ́n fi í sí àpò ẹ̀wù, wọ́n sì mí kanlẹ̀. A jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a kọjá ibẹ̀, wọ́n dá a padà fúnra wọn. Wọ́n ṣí wíńdò sílẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kọjá lára ọkọ̀. A ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọkọ̀ náà kò mu ọ́ìlì mọ́. Mo ṣì máa ń yọ ọ̀pá ọ́ìlì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí máa ń sá fún ekòló. Etí bàbá mi kò padà dà bí ti ọ̀dọ́. Ọjọ́ mìíràn wà tí ẹ̀rọ náà ń sú wọn, tí wọ́n á gbé e sórí tábìlì tí wọ́n á sì jókòó jẹ́ẹ́, àwa náà kì í yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, àwọn àti màmá mi máa ń gbé àga sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀ka èdè Èkìtì ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, orí wọn súnmọ́ra. Láti ibi tí mo ti ń gé ẹ̀fọ́ nínú ilé ìdáná, mo máa ń gbọ́ tí màmá mi ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ń sọ, n kì í gbọ́ ọ.